Bí Mo Ṣe Di Ìyá Bàbá Sàláwù

Bàbá mi ní Ìkàrẹ́, ẹ kú ilé o. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin báyìí, láti ìgbà àdúà ogójì ọjọ́ Màmá, tí ẹ sìn mí dé gáréèjì tí ẹ sì dúró títí mọ́tò fi gbéra. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Mùtíù àti ìyàwó wọn. Ọyẹ́ ti mú ní Ìlọrin, ètè mi ti là, àmọ́ ohùn mi kò há. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù, pé ilé ti dákẹ́ jù, kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi, torí inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó: wọ́n fún mi ní ipa ńlá! Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wọ ẹgbẹ́ eré olórin yìí, wọn kò fi mí ṣe ìyàwó rí. Ìyá onílé ni mo ń ṣe, tàbí àǹtí ọkọ tó ń ṣòfófó, tàbí arúgbó tó sùn lọ níbi ìsọmọlórúkọ. Mo kọ orin kan, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, mo wọlé. N kò bínú. Àwọn tó ń ṣe ìyàwó ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Èmi ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àtíkè lórí irun.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá náà ni mo tún jẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ni eré. Ọmọ rẹ̀ sá nílé ní ọ̀dọ́, ó darúgbó kó tó padà. Ìyá kò gbọdọ̀ dìde kí i. Orí àpótí ni yóò wà tí yóò máa fi orin bá a wí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Bàbá Sàláwù, aránṣọ kan láti Gàmbàrí, ló ń ṣe ọmọ náà. Wọ́n ju yín lọ lọ́jọ́ orí.

Níbi ìdánrawò, bí wọ́n bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, orúnkún mi á ti kanlẹ̀! Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́ mi. Bàbá Sàláwù ní àwọn dúpẹ́ o, àmọ́ ìyá tó bí àwọn kì í kí àwọn báyẹn. Àwọn yòókù sọ mí ní Ìyá Ẹ-káàsán. Àǹtí Bísí, olùdarí wa, kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní bí mo bá tún kúnlẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò ṣe ìyá.

Mo padà sí yàrá mi ní Adéwọlé. Ibi tí mo ti ń wá aṣọ òtútù ni ọwọ́ mi ti ba ìborùn Màmá tí ẹ fún mi, tí n kò tíì lè tú. Mo rántí pé bí Màmá bá ti di ìborùn yẹn mọ́dìí, kò sí ẹni tí wọn ò lè bá wí. Bí ẹ bá pẹ́ níta, orí àpótí ni wọ́n á wà, wọ́n á máa fi orin béèrè pé ta ló ń bọ̀ yìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ilé. Ẹ̀yin á máa fi fìlà bo ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ kejì, mo dì í mọ́dìí. Bàbá Sàláwù wọlé. N kò kúrò lórí àpótí! Orin Màmá ló jáde lẹ́nu mi, kì í ṣe ti inú eré. Àǹtí Bísí ní kí n má yí i padà mọ́.

Sátidé tó kọjá la ṣe é ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Post Office, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Bí aṣọ ìtàgé ṣe wálẹ̀, mo sáré láti lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Sàláwù, kí n san gbogbo èyí tí mo jẹ wọ́n. Kí n tó dé ilẹ̀, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja! Wọ́n ní títí eré yìí yóò fi parí, ìyá àwọn ni mí, oúnjẹ àwọn dà? Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún Màmá, ẹkún tí n kò rí sun nílé.

Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere, á lọ́ra ẹ̀mí yín, á jẹ́ kí a ríra láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ní gbogbo Jímọ̀ọ́, bí ẹ bá ti mọ́ṣáláṣí dé, n óò pè yín, n óò sì kọ orin yẹn fún yín.

Ọmọ yín,
Sàfúrátù