Ẹ Má Bá Mi Bẹ Ọ̀gá Wa

Ilé wa, Ìwó.

Àǹtí mi Ràfíátù,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. A gbọ́ pé òtútù Kánádà ò ṣeé fẹnu sọ. Ara ìyá mi ti yá, wọ́n ti padà sí ìsọ̀ aṣọ. Òògùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá àgbà bá wọn lára mu.

Àǹtí, ọkàn tèmi ni ò balẹ̀. Wọ́n ti yí ètò ẹ̀kọ́ àwa tá à ń kọ́ṣẹ́ dókítà padà. Wọ́n ní ká máa béèrè ohun tí kò bá yé wa. Ẹni tó bá sì béèrè, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Àyàndélé, ọmọ kíláàsì wa, fẹ́ yẹ bípì aláìsàn kan wò, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀rù bà á láti béèrè, ló bá kọ iye ti àná sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó tún un wò.

Nígbà tí ọ̀gá wa, dókítà àgbà tó ń kọ́ wa, bi wá bí ètò tuntun ṣe rí, gbogbo kíláàsì ní, "Ó dára, sà." Èmi dìde, mo ní, "Sà, ẹ̀rù yín ń bà wá." Wọ́n lé mi jáde, wọ́n ní kí n lọ mú òbí wá.

Ìyá mi ti ṣe tán láti lọ kúnlẹ̀. Wọ́n á pè yín pé kẹ́ ẹ bá wa bẹ ọ̀gá, torí ẹ̀yin àti ọ̀gá jọ kàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ò bẹ̀rù wọn: ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ohun tí mo ṣe.

Kí Ọlọ́run má fi ẹnikẹ́ni nínú wa lé dókítà tó ń bẹ̀rù àtibéèrè lọ́wọ́.

Ọmọ yín,
Sọ̀fíyàt