Mo Gé Ọwọ́ Màmá Mi Kúrò Nínú Fọ́tò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí inú tó ń bí mi yìí tó mú mi ṣe ohun tí mo máa kábàámọ̀. Mo fi àlùmọ́gàjí gé fọ́tò màmá mi. Ọwọ́ wọn méjèèjì ni mo gé kúrò, mo sì mọ ohun tí mo ń ṣe.

Kàdúná ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni màmá wà, ní Òwu níbí, ní Abẹ́òkúta. Aláró ni wọ́n, ṣùgbọ́n dókítà ti ní kí wọ́n má ti ọwọ́ bọ aró mọ́ nítorí egbò. Màmá ò mọ̀wé, àbúrò mi ló ń bá wọn kọ lẹ́tà sí mi... ara wọn le, wọ́n kàn ń bá ọmọ-ọmọ ṣeré... gbogbo lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kan náà! Ìgbà tó yá, fọ́tò dé. Màmá jókòó lórí àga, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ọwọ́ ọ̀hún dúdú kirikiri dé ìgbọ̀nwọ́, gbogbo ìka wú. Mo rí i o! Mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó àwọn ọ̀gá ọkọ mi máa ń wá sí pálọ̀ wa, ojú ń tì mí pé kí wọ́n rí ọwọ́ aláró... mo gé e, mo fi orí àti àyà nìkan sínú férémù. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé màmá mi lẹ́wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wálé, mo bá màmá nídìí ìkòkò aró ìyàwó àbúrò mi, ọwọ́ wọn ti bó. Mo pariwo, mo bú tọkọtaya náà, mo ní òpùrọ́ ni wọ́n, ìkà ni wọ́n! Ni màmá bá fà mí wọ yàrá, wọ́n bi mí pé ṣé fọ́tò ò dé ọ̀dọ̀ mi ni. Wọ́n ní onífọ́tò fẹ́ fi ìborùn bo ọwọ́ àwọn, àwọn ò gbà, torí ohun tí àbúrò mi ò ní kọ sínú lẹ́tà ni àwọn fẹ́ kí n rí. Mo ní kò dé. Wọ́n ní kí n má bínú, àwọn ti rò pé mo rí i tí mo dákẹ́ ni.

Mo fẹ́ mú màmá lọ sí Kàdúná, mo sì fẹ́ pe ẹbí jọ lé àbúrò mi lórí, inú rẹ̀ ṣì ń bí mi burúkú. Àmọ́ ṣé òun nìkan ni ìkà? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún màmá kí a tó wọ rélùwéè ni, àbí kí n gbé e mì títí ayé? Ẹ sọ fún mi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá àbúrò mi jà?