Ọ̀pá Tí Mo Fẹ́ Èémí Sí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Dókítà ti rí i. Eruku òkúta ti dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró mi. Ogún ọdún tí mo ti ń fi ẹ̀rọ gé òkúta — kí ni mo rò pé mò ń fà símú, lọ́fínńdà? Ó ní ìbéèrè tó kù ni pé ṣé àpá náà dúró sójú kan, àbí ó ń tàn. Ti ẹ̀gbọ́n mi tàn. Kò lò ju ọdún kan lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí Ìyálóde mọ̀. (Ìyàwó mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.)

Ọjọ́rú, 5
Wọ́n tún ya àwòrán àyà mìíràn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Òtútù yàrá yẹn!

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Wọ́n ní kí n fẹ́ èémí sínú ọ̀pá ẹ̀rọ kan títí ikùn á fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Mo fẹ́ ẹ, mo tún un fẹ́. Kò tó ìdajì ohun tó yẹ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àpá ń sáré nìyẹn. Àyà mi já. Mo délé, mo ní oorun ló ń kùn mí. Ìyálóde ní ojú mi ò jọ ojú oorun. Mo jẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Wọ́n ní bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Èémí wá ńkọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ìyálóde tẹ̀ lé mi lọ tún un fẹ́. Bí ẹ̀rọ ṣe dún hùùù, ló pariwo: “Ẹ tún ti pa ẹnu dé! Ṣé òkúta lẹ fẹ́ gé níbí ni?” Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ń ṣe nílé bí òun bá tan ẹ̀rọ ìlọta. Òótọ́ ni! Àwa tí a ń gé òkúta, bí irin bá ti dún, a ó há èémí mọ́ra nítorí eruku. Ara ti mọ̀ ọ́n, èmi ni ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dún, ó ń bá mi tàkúrọ̀sọ, títí ara mi fi rọ̀. Mo wá fẹ́ ẹ — Ìyálóde ń gbá mi lẹ́yìn, “Ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ má dá a dúró!”

Ọjọ́bọ̀, 20
Dókítà gbé àwòrán tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n yà nígbà tí mo húkọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àpá tí wọn ò kíyè sí nígbà náà ti wà níbẹ̀, kò sì tàn síwájú. Èémí mi dín, ṣùgbọ́n kò burú tó ti ọjọ́sí. Ẹ̀jẹ̀ náà dáa. Ó ní ẹnikẹ́ni ò lè búra fún ọ̀la, àmọ́ bí mo bá jìnnà sí eruku, ó ṣeé ṣe kó má tàn mọ́. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti ní kí n bọ́ sí ọ́fíìsì, kí n máa ya àwòrán òkúta fún àwọn oníbàárà. Mo gbà kíá.

Dókítà ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ń dá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìyálóde nu ojú, ó bi dókítà pé lọ́dún tó ń bọ̀ ọ̀hún, ṣé àárọ̀ ni ká wá ni, àbí ọ̀sán.