Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Sí Àbúrò Mi Lẹ́nu Lórí Páálí Ìpara

Ìsọ̀ Onídìrí,
Ẹ̀yìn Pápá Ìṣeré.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Àwọn Ẹgbẹ́ Tí Kì Í Ṣe Fún Èrè.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFISÙN NÍPA ẸGBẸ́ ÌJÀKADÌ TÓ FI ÀWÒRÁN ÀBÚRÒ MI POLÓWÓ ỌJÀ, TÓ SÌ DÁ A DÚRÓ NÍTORÍ PÉ Ó SỌ ÒTÍTỌ́

1. Onídìrí ni mí. Èmi ni mo tọ́ àbúrò mi obìnrin dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa. Ìjàkadì ló ń jà, ó sì mọ̀ ọ́n jà débi pé Ẹ-má-tì-í ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òfin Ẹgbẹ́ Ìjàkadì ni pé ẹni tó bá gba owó nídìí eré kò gbọ́dọ̀ bá wọn jà mọ́. A fara mọ́ ọn. Kò gba nǹkan kan rí.

2. Níbi ìdíje tó kọjá, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ bó ṣe ń gbé ẹnìkejì rẹ̀ ṣánlẹ̀. Ó borí, ṣùgbọ́n èmi àti olùkọ́ rẹ̀ la jọ gbé e kúrò lórí ẹní. Ayàwòrán ẹgbẹ́ yà á bó ṣe di orúnkún mú, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń sunkún. Wọ́n ṣèlérí dókítà. A ṣì ń retí rẹ̀.

3. Kò pẹ́ sí i, oníbàárà kan tí mò ń dirun fún fa páálí ìpara yọ nínú báàgì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire o! Àbúrò yín ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká." Àwòrán ọjọ́ náà ni. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Ìpara yìí ló wo orúnkún mi sàn." Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àbúrò mi wà nígbà náà, tó ń fi omi gbígbóná jó orúnkún ọ̀hún. Ó tiro jáde, ó wo páálí náà títí, ó ní, "Èmi ò fojú kan nǹkan yìí rí."

4. A lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní ìwé ìdíje tí a fọwọ́ sí ti fún àwọn láṣẹ lórí àwòrán, àti pé owó ilé iṣẹ́ ìpara ló ń gbé ẹgbẹ́ ró. Mo bi í pé ta ló wá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀? Ó ní ọ̀rọ̀ ìpolówó ni, kí n má mú un le. Mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n fi díẹ̀ nínú owó náà tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ. Ó ní ìyẹn á dà bí owó iṣẹ́, ẹgbẹ́ àwọn kò sì sí fún èrè. Mo wo àga aláwọ tuntun tó ní ká jókòó sí, mo ran àbúrò mi lọ́wọ́ láti dìde.

5. Èyí tó dùn wá jù ni ti Bàbá Káfíńtà, ará iwájú ilé wa. Orúnkún tirẹ̀ wú. Nígbà tó rí àwòrán ọmọ àdúgbò, ó pa ilé ìwòsàn tì, ó ń fi ìpara pa á. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi máa gbé e débẹ̀, àrùn ti wọ egungun. Àbúrò mi lọ kí i. Bàbá kò bínú, ó kàn ní, "Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo ní ó dáa." Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bi í léèrè ní ìsọ̀ mi, ohun tó ń sọ ni pé, "Irọ́ ni o, n ò lò ó rí."

6. Ẹgbẹ́ gbọ́, wọ́n dá a dúró, wọ́n ní ó ba orúkọ ilé iṣẹ́ ìpara tó ń ran àwọn lọ́wọ́ jẹ́. Ẹ lù mí, ẹ ní n má sunkún! Wọ́n ní tó bá lè fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ni ìpara náà wo òun sàn, àwọn yóò gbà á padà. Èmi gan-an ní kó rò ó dáadáa, nítorí eré yìí ni ayé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n wá sọ fún Bàbá?" Kò fọwọ́ sí i.

7. A ò bèèrè ìpín nínú owó ìpara. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàṣẹ kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí wọ́n kéde pé kò ti ẹnu rẹ̀ jáde, kí wọ́n wá dókítà fún un, kí wọ́n sì gbà á padà. Bàbá Káfíńtà ti ṣetán láti bá wa wá jẹ́rìí níwájú yín. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù: yàrá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ pè wá sí, nítorí òun àti àbúrò mi kò lè gun àtẹ̀gùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dópin.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,
Onídìrí Ẹ̀yìn Pápá,
Ẹ̀gbọ́n àti alágbàtọ́ eléré náà.