Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Láyà Màmá Rẹ

Ìgèdè-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé.

Dùnmínínú ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìsapá, mo kí ọ kú ìwé kíkà, mo sì kí ọ kú àárò ilé. Ṣé o ń jẹun lásìkò ní Ìbàdàn yẹn? Ojú tí o fi ń wo inú ara ènìyàn kò ní fọ́, kò sì ní rí ohun tí yóò bà ọ́ lẹ́rù, àmín. Gbogbo ulé ló kí ọ. Ìyá àgbà náà kí ọ, eyín rẹ̀ tó kù ti yọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bá wa du àgbàdo.

Iṣẹ́ tí o ṣàlàyé fún mi lórí fóònù, mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Mo ní wọ́n máa ń ya àwòrán àyà àwọn aláìsàn, wọ́n á kó o fún ọmọ mi, ọmọ mi á fa ìlà yí ibi tí àìsàn sá pamọ́ sí ká, á sì fi kọ́ kọ̀ǹpútà kí òun náà lè máa dá a mọ̀. Olúgbádé káfíńtà bi mí pé ta ló mú kọ̀ǹpútà náà wá kọ́ṣẹ́, ta ni onídùúró rẹ̀, ṣé yóò ṣe fíríídọ̀mù tó bá mọ̀ ọ́n tán. Mo bẹ̀ ọ́, má kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ iṣẹ́ tí orí rẹ̀ pé jù ló kó gbogbo oníbàárà Olúgbádé lọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ màmá rẹ lọ́rùn nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé o ní wọ́n máa ń yọ orúkọ kúrò lára àwòrán kí wọ́n tó kó o fún yín. Ó ní ṣé ènìyàn á wá di aláìlórúkọ nítorí pé ara rẹ̀ kò yá ni.

Ó yá, wá ibì kan jókòó sí. Ikọ́ màmá rẹ tí a sọ fún ọ pé ó ti lọ, kò lọ. A fi pamọ́ fún ọ nítorí ìdánwò rẹ. Màmá rẹ ti rù, aṣọ ń yọ lọ́rùn rẹ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ títí kí ó jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ẹni tó bá wá àìsàn lọ síbẹ̀ á bá a níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, Dùnmínínú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìgbà tó yá ni mo sọ fún un pé ṣebí ọmọ rẹ̀ ni yóò wo àwòrán náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, torí mo rò pé ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo àwòrán àyà ń lọ. Ojú ẹsẹ̀ ló dìde tó lọ wẹ̀.

A dé ọsibítù kan l'Adó, kò jìnnà sí Fájuyì. Mutallib ni orúkọ ọkùnrin tó ń ya àwòrán níbẹ̀, ọmọlúàbí ni. Ó ní kí màmá rẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn àti gbogbo irin tó bá wà lára rẹ̀. Màmá rẹ bọ́ ẹ̀gbà, kò bọ́ èyí tó fi pamọ́. Nígbà tí àwòrán jáde, Mutallib wò ó, ó tún un wò, ó sáré jáde wá bi mí bóyá ìyàwó mi ti gbé kọ́kọ́rọ́ mì rí. Àṣé kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ màmá rẹ ni, ó fi òwú dè é mọ́ inú kọ́mú. Ó ní ṣebí bí a kò bá fẹ́ kí adìẹ wa dàpọ̀ mọ́ ti aládùúgbò, àkísà la máa ń so mọ́ ọn níyẹ̀ẹ́, báwo ni ọmọ òun yóò ṣe dá òun mọ̀ láàárín àwọn aláìlórúkọ.

Mutallib kò rẹ́rìn-ín. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé dókítà tó wà ní yàrá kejì ló fẹ́ wo àwòrán náà, kì í ṣe ẹni tó wà n'Íbàdàn. Màmá rẹ wò mí bí ẹni pé mo ti ta òun. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní ká máa lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ níṣojú gbogbo èrò, kò gbọ́, àfìgbà tí Mutallib ní òun á fún un ní àwòrán tó ní kọ́kọ́rọ́ yẹn kó fi ránṣẹ́ sí ọ, tó bá ṣáà ti lè jẹ́ kí òun ya òmíràn. Bó ṣe gbà nìyẹn.

Ikọ́ fée ni wọ́n bá níbẹ̀. Má sunkún. Dókítà ní ó ń sàn, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, kó ṣáà má fo ọjọ́ kan. Wọ́n ní kí èmi àti ìyá àgbà náà wá ṣe àyẹ̀wò, a ó sì lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí. Oògùn ti wà nílé, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo gbé e sí. Màmá rẹ ní òun kò ní fi kan ẹnu àfi tí ìwọ bá wo àwòrán náà tí o pe òun. Awakọ̀ tó ń na Ìbàdàn láti Fájuyì ni màá fi àwòrán náà àti lẹ́tà yìí rán, páálí ni mo fi wé e. Tí o bá ti wò ó, má pe èmi, òun ni kí o pè. Ó sì ní kí o kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí òun, nítorí a kì í wọ ilé àgbà láìkí i, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àyà rẹ̀. Àwọn aláìlórúkọ yẹn náà, ó ní kí o máa kí wọn.

Dókítà ní kó máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà. Adìẹ wa ń yé, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ti di ohun tí à ń fi ojú wò lọ́jà, bí nǹkan bá yọ lọ́wọ́ rẹ, rántí wa. Èmi kò béèrè ohunkóhun, àfi bátìrì rédíò.

Ẹlẹ́dàá tí kò nílò ẹ̀rọ kó tó rí inú wa yóò mú iṣẹ́ rẹ yọrí. Ìwọ àti màmá rẹ yóò jọ jèrè ara yín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlátúbọ̀sún.

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí. Mo kà á sí màmá rẹ létí, inú bí i, ó ní irú èyí kọ́ là ń kọ sí ọmọ tó ń ṣèdánwò, pé o kò ní lè sùn títí tí o fi máa gbọ́ pé òun ti lo oògùn. Ó na ọwọ́ mú oògùn lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí n bu omi wá. Ojú mi ló ṣe gbé e mì. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀, kí o lè sùn.