Ikọ́ Tí Mo Dúpẹ́ Fún

Àkọ́bí mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé yàrá tí o ń gbé kò jò mọ́? Ara wa le níhìn-ín, àwọn àbúrò rẹ sì ń jẹun bí ẹni ń gbowó lórí ẹ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ibi tí o bá fẹ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ débẹ̀. Àmín.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Má jẹ́ kí àyà rẹ já, wọ́n wà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń gẹ irun oníbàárà.

O mọ̀ pé dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn. Ìwé tín-ín-rín kan wà nínú páálí rẹ̀, a ká a bí ẹní. Èmi tí mo jáde ilé-ìwé gírámà, mo ní n kò ní máa wòran, mo kà á tán. Ó ní oògùn yìí lè mú kí èèyàn wúkọ́, òòyì lè kọ́ ọ, ètè rẹ̀ lè wú. Mo ní ó dáa, a ti mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ṣebí ẹni tó lo oògùn oorun, oorun là ń retí lójú ẹ̀.

Bí bàbá rẹ bá ti jí, wọn ò tíì fọnu tí n ó ti bi wọ́n pé ṣé ikọ́ ò tíì dé. Wọ́n á ní ikọ́ wo. Mo ti ń bú oníkẹ́mísì nínú pé ayédèrú ló tà fún wa. Ọjọ́ tí ikọ́ gbígbẹ náà dé, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ mú òòyà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n ṣe nàró, òòyì gbé wọn, kílípà ọwọ́ wọn bá la àárín orí tíṣà ìṣirò kọjá bí ọ̀nà oko. Tíṣà ń pariwo pé irú ìlà wo rèé, èmi ń jó, mo ní kó fara balẹ̀, oògùn ló ń ṣiṣẹ́.

Ètè nìkan ló kù. Mo wò ó títí, kò wú. Mo wá rò ó pé hóró kan ti kéré jù fún ọkùnrin tó sanra tó bàbá rẹ. Mo ti di méjì mọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ládùúgbò wa mú ọmọ ẹ̀ wá gẹrun, ni mo bá ròyìn fún un tayọ̀tayọ̀. Ó figbe ta, ó ní Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín pa ọkọ yín ni? Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ tí a rán oògùn ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìpalára tó lè tẹ̀lé e ni, pé tí ètè tàbí ojú bá wú, ká sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù, torí ọ̀fun lè dí. Mo yára da hóró méjèèjì padà sínú páálí. Bàbá rẹ ní àwọn ò lo nǹkan kan mọ́. Nọ́ọ̀sì tún kọjú sí wọn, ó ní wọn ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra wọn, ẹ̀jẹ̀ á tún ru. Ó dà wá lọ bá dókítà bí ẹni da ewúrẹ́. Dókítà pààrọ̀ oògùn, ó ní kí wọ́n máa rọra dìde.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká lè ra òmíràn kí eléyìí tó tán, kí wọ́n má baà fo ọjọ́ kankan. Má fi sínú fóònù bàbá rẹ o, mo ti fọ̀ ọ́ mọ́ ṣòkòtò, n kò mọ̀ bóyá inú ẹ̀ ti gbẹ tó láti gba owó.

Ikọ́ náà ti lọ. Ilé wá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ló wá ń já mi láyà. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí n máa gbọ́ ìró kílípà, tó bá ti dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, mo ti wọlé. Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé kí o bá wọn bẹ̀ mí kí n jáwọ́, pé àwọn oníbàárà rò pé owó ni mo ń ṣọ́. Mo ti jíṣẹ́ wọn. Àmọ́ má bẹ̀ mí.

Ẹni tí ìwọ náà bá fẹ́ràn, o ò ní wá a tì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.