Èmi Ni Olùgbọ́ Tó Pa Yín Lẹ́rìn-ín

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Agbẹnusọ bàbá rẹ̀,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró, mo kí ọ kú ìjókòó pàápàá, nítorí wọ́n ní ìjókòó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tìrẹ. Ṣé ẹ̀yìn kì í dùn ọ́? Ṣé omi ń yọ dáadáa nílé tí ò ń gbé? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohùn rẹ há, kí ẹnu tí o fi ń wá oúnjẹ má kọ iṣẹ́. Ara tèmi le, orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi ṣe awuyewuye tí mo bá dúró ti orí méjì léraléra, ṣùgbọ́n orúnkún kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ewúrẹ́ àbúrò mi obìnrin bí mẹ́ta, ó ní kí n sọ fún ọ pé tìrẹ ni ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ èyí tí í ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ìdí bébà. Nígbà tí o wá sílé kẹ́yìn, tí mo bi ọ́ pé iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe, o ní o ní ilé iṣẹ́ pọ́díkáàsì, pé ètò mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ, pé àwọn tó máa ń kọ̀wé fún kọ̀ǹpútà ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan, ọmọ mi, torí n kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń gba lẹ́tà. Mo rò pé rédíò ni, mo sì yí rédíò mi káàkiri fún oṣù méjì gbáko, n kò bá ọ pàdé.

Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi ló là mí lójú. Ó ní kì í ṣe rédíò, inú fóònù ni. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ni ohùn rẹ bá jáde, o ń kí mi káàbọ̀. Mo ní o ṣeun, ọmọ mi. Oníbàárà tó wà lórí àga rò pé òun ni mò ń kí.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ìṣẹ́gun tí ètò tuntun bá jáde, ohùn rẹ ló ń dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ń sọ Yorùbá, ẹ ń lú Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn, àwa ń mú èyí tó bá bọ́ sí wa lọ́wọ́. A gbọ́ pé kòkòrò pọ̀ níbi iṣẹ́ yín, pé ọkùnrin kan fi ọjọ́ mẹ́ta wá kòkòrò kan ṣoṣo. Bíríkìlà tó ti ń gẹrun lọ́dọ̀ mi láti ìgbà èwe rẹ̀ ní kí n sọ fún yín kí ẹ fi káńfọ̀ sábẹ́ tábìlì. A sì gbọ́ pé inú àwọsánmà ni ẹ ń kó ẹrù yín sí, ìyẹn sì ń kọ mí lóminú díẹ̀, torí òjò ti ń ṣú ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Tí ètò bá ń parí lọ, ẹ máa ń ní kí a tẹ agogo. A kò rí agogo kankan lára fóònù náà, ni mo bá ra agogo kẹ̀kẹ́ kan, mo kàn án mọ́ ara ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń bá wa tẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, ohùn rẹ yí padà. O ní ètò kẹta yìí, èyí tí ìwọ fúnra rẹ ń ṣe, ó ṣeé ṣe kí ẹ pa á tì. O ní ẹ̀rọ ń fi hàn pé àwọn ènìyàn ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kì í kọ̀wé, ẹnì kankan kì í béèrè nǹkan, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú kànga. Lẹ́yìn náà o béèrè bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ wà níbẹ̀. Mo dá kílípà dúró. Mo ní a wà ńbí. Bíríkìlà náà ní a wà ńbí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ ni mo ṣì gẹ̀. À ń retí kí o dáhùn, orin ìparí ni a gbọ́.

Ìgbà yẹn ni obìnrin tó ń tún fóònù ṣe wá ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà, pé o kò gbọ́ wa rí, pé o kò sì gbọ́ ìkankan nínú ohun tí mo ti ń fi dá ọ lóhùn láti ọjọ́ yìí. Ó dùn mí, torí mo ti sọ púpọ̀. Mo ti sọ fún ọ bí a ṣe tún ibojì ìyá rẹ ṣe.

Ó ní fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹ ní kí olùgbọ́ kún. Ó ń kà á, mò ń dáhùn, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi wá pé èdè wo ni a fi ń kọ iṣẹ́. Mo ní Yorùbá, àti Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ẹ bi wá pé ọdún mélòó ni a ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní mọ́kànlélógójì. Ẹ béèrè irinṣẹ́ tí à ń lò. Mo ní kílípà méjì, ọ̀kan ti ń kọ iṣẹ́, abẹ, kóòmù àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní ṣé à ń dá ṣiṣẹ́ ni àbí a wà láàárín àwọn mìíràn. Mo ní mo ní ìyàwó tó máa ń bá mi gbá irun nílẹ̀, ó ti kú, mò ń dá a ṣe báyìí. Ẹ ní kí la fẹ́ kí ẹ ṣe sí ètò náà. Mo ní kí ẹ má pa á tì. Ó ní orúkọ kò pọn dandan, mo ní kó fi í sílẹ̀, torí n kò fẹ́ kí ẹ rò pé bàbá kan ló ń gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀bù kún. Bíríkìlà ti kó àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá. O ní ẹ ti rí ìdáhùn kan gbà. Ọkùnrin tó ń bá ọ ṣètò, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ló kà á. Ó ka Yorùbá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ka kílípà, díẹ̀ ló kù kó má lè kà á parí. Ó ní aláwàdà kan ló kọ ọ́. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, o rẹ́rìn-ín títí o fi ń wúkọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó wò mí lójú. Bíríkìlà ń wo bàtà rẹ̀. Mo mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀.

N kò ní purọ́ fún ọ, ó ta mí. Mo ní ọmọ tí mo bí ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbálẹ̀, tí ẹ̀rín náà ṣì ń dún, mo dá a mọ̀. Ẹ̀rín tó máa ń mú ọ di ògiri mú ni, nígbà tí o wà ní kékeré. N kò gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ. Gbogbo ìgbà tí o bá pè mí, ohùn ẹni tó ń jíṣẹ́ ni o fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbé ìgbálẹ̀ jù sílẹ̀, mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo gbọ́ ẹ̀rín náà tán.

Lẹ́yìn náà ìwọ lo kọ́kọ́ dákẹ́. O tún ibi ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn kà, jẹ́ẹ́. O ní bóyá kì í ṣe àwàdà. O ní ẹni yòówù kó kọ ọ́, kó dákun kó kọ̀wé padà, kó sọ fún yín bí ènìyàn ṣe ń mú oníbàárà dúró fún ọdún mọ́kànlélógójì, pé ẹ kò ní pa ètò náà tì títí ẹ ó fi gbọ́.

Èmi ni. Kì í ṣe àwàdà.

Oníbàárà kì í sọ pé òun ń lọ, ńṣe ló kàn ń ṣàì wá. Ẹni tó bá ti pa oṣù méjì jẹ, mo máa ń lọ sílé rẹ̀. N kì í bi í pé kí ló dé tí kò wá, torí ìbéèrè yẹn máa ń mú ènìyàn wá irọ́ pa. Mo máa ń bi í pé báwo ni orí. Ọdún méje sẹ́yìn, bíríkìlà yìí kò wá fún oṣù mẹ́rin. Mo bá a nílé, ó ti já bọ́ látorí àkàbà, kò lè dìde, irun ti bò ó létí. Mo gẹ̀ ẹ́ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ́ bébà sábẹ́ orí rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ mi kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá kọ̀wé sí yín, ẹ dá a lóhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, ẹ wá a lọ.

Ìwọ náà, ó ti pé ọdún méjì tí o ti wá sílé kẹ́yìn. N kò bi ọ́ nídìí. Báwo ni orí?

Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún dátà, torí ti obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ni a fi ń gbọ́ ọ, ojú sì ti ń tì mí. Kílípà kejì náà ń fẹ́ abẹ tuntun. Tí kò bá sí, má torí ẹ̀ yá owó.

Tí o bá fẹ́ ka lẹ́tà yìí sétí àwọn olùgbọ́ rẹ, kà á. Tí ọlọ́fìnkìn yẹn bá tún rẹ́rìn-ín, má bínú sí i. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: má pè mí ní olùgbọ́ kan. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ni.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní ìjáde àti ìwọlé. Wàá sọ̀rọ̀, wọ́n á sì fetí sí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Onígbàjámọ̀.